Òṣùpá ń fa òkun, ṣé ó ń fa àwa náà?

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Abẹ́òkúta á ti gbọ́ ọ rí: wọ́n ní bí òṣùpá bá ti di àrànmọ́jú, àìsàn àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú á tún le sí i. Ìlú tó ní ilé ìwòsàn Aró ni wá, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í jìnnà sẹ́nu wa, ìbáà jẹ́ lọ́jà Kútọ̀ tàbí nínú mọ́tò tó ń lọ Ọbáńtokò. Ẹni tó kàwé díẹ̀ nínú àwọn tó ń sọ ọ́ á tún fi àlàyé gbè é lẹ́sẹ̀: ṣebí òṣùpá ló ń fa omi òkun tó fi ń kún tó sì ń fà sẹ́yìn; ṣebí omi ló pọ̀ jù nínú ara èèyàn; kí ló wá fẹ́ dí òṣùpá lọ́wọ́ tí kò fi ní fa omi inú orí wa?

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, apá àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Ibi tí wọ́n ti fò láti òkun bọ́ sínú ara èèyàn ni ẹsẹ̀ ti yẹ̀. Tí a bá tú ibẹ̀ wò dáadáa, a ó rí i pé òṣùpá kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀sùn tí à ń fi kàn án, àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe fún wa níhìn-ín pọ̀, tí a kì í sì í dúpẹ́ rẹ̀.

Òòfà la ó kọ́kọ́ sọ. Gbogbo ohun tó bá wúwo ló ń fa ohun mìíràn sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Òkúta Olúmọ ń fa yín bí ẹ bá dúró tì í, ẹ̀yin náà sì ń fà á, àmọ́ Olúmọ kéré jọjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odindi ayé, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi lè mọ̀ ọ́n lára. Isaac Newton, onímọ̀ ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé òfin rẹ̀ jáde lọ́dún 1687: bí nǹkan bá ṣe wúwo tó ni òòfà rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, bó bá sì ṣe jìnnà sí ni òòfà náà ṣe ń dín kù. Ó ń yára dín kù pàápàá. Tí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, òòfà á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Tí ìjìnnà bá di ìlọ́po mẹ́ta, á di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Agbára tó ń mú kí òkò tí ọmọdé sọ sí máńgòrò padà wá sílẹ̀ náà ló so òṣùpá mọ́ ayé tí kò fi já lọ.

Òòfà ilẹ̀ ló ń bá wa ṣe é jù, òun náà la kì í sì í kà sí. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, òòfà ló dì í mú. Òṣùpá kò ní afẹ́fẹ́ gidi kan nítorí pé òòfà tirẹ̀ kéré, kò lè dá afẹ́fẹ́ dúró. Odò Ògùn ń ti agbègbè Ṣakí bọ̀, ó ń gba àárín ìlú wa kọjá, ó sì ń lọ sínú ọ̀sà Èkó láìsí ẹ́ńjìnnì kankan tó ń tì í. Ilẹ̀ tó ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ẹ gbin hóró àgbàdo lóko kan ní Ọ̀dẹ̀dá, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ tàbí kí ẹ dá a dùbúlẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á wá ìsàlẹ̀ lọ, ọ̀mùnú rẹ̀ á wá òkè. Inú òkùnkùn ilẹ̀ ni ó ti ń ṣe èyí o, kò tíì rí oòrùn tó máa júwe ọ̀nà fún un. Ohun tó ń lò ni hóró sítáàṣì wínníwínní tó wà ní ṣóńṣó gbòǹgbò. Ìsàlẹ̀ ni àwọn hóró yìí máa ń rì sí, ibi tí wọ́n bá sì kó jọ sí ni gbòǹgbò á mọ̀ pé ilẹ̀ wà. Nínú etí tiwa náà, òkúta kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí wà níbẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹ di ojú yín, ẹ dorí kodò díẹ̀, ẹ ó ṣì mọ ibi tí òkè wà.

Egungun wa ń gbọ́kàn lé òòfà yìí jù bí a ṣe rò lọ. Àwọn tó ń gbé ilé ìwádìí tó ń yí ayé ká lófuurufú, ní nǹkan bíi 400 kìlómítà sókè, máa ń pàdánù ìdá kan sí ìdá kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún egungun ìbàdí àti itan wọn lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi wákàtí méjì ni wọ́n ń fi ṣe eré ìdárayá lójúmọ́ kó má bàa burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo fídíò wọn níbi tí wọ́n ti ń léfòó, ẹ má rò pé òòfà ti tán lọ́hùn-ún. Ó ku nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀. Wọ́n ń já bọ́ ni, ilé tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ń já bọ́ pẹ̀lú wọn, eré tí wọ́n sì ń sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ̀ débi pé wọn kì í bá ilẹ̀ pàdé. Ẹ fi gbólóhùn yìí pa mọ́ sápò, torí a ó tún lò ó: ohun méjì tó bá jọ ń já bọ́ kì í mọ ìwọ̀n ara wọn lára.

Ó wá ku òṣùpá. Ìjìnnà rẹ̀ sí wa tó kìlómítà 384,400 tí a bá dá a sí agbede méjì, torí ó máa ń sún mọ́ wa díẹ̀, ó sì tún máa ń jìnnà díẹ̀. Tí a bá kó ọgọ́rin òṣùpá àti ẹyọ kan jọ, wọn á wúwo tó ayé kan. Ẹni tó bá wọn 60 kìlógíráàmù níbí, bíi ti ẹni 10 kìlógíráàmù ni ìwọ̀n rẹ̀ máa rí lórí òṣùpá. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń gbé orí òṣùpá nínú wa. Láti ibi tó wà lọ́hùn-ún, òòfà rẹ̀ lórí ẹni tó dúró ní Pánṣẹ́kẹ́ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú 300,000 òòfà ilẹ̀. Fún ẹni 60 kìlógíráàmù, ìyẹn kò ju ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì Ọ̀fàdà bíi mẹ́wàá lọ. Èyí gan-an kò sì dé ara wa, torí pé òṣùpá ń fa ayé náà bó ṣe ń fa àwa, ayé àti àwa jọ ń já bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ ti rántí gbólóhùn tó wà nínú àpò.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló wá ń ṣe òkun?

Ìyàtọ̀ ni. Òòfà òṣùpá kò dọ́gba káàkiri ayé. Ẹ̀gbẹ́ ayé tó kọjú sí òṣùpá sún mọ́ ọn jù, òòfà ibẹ̀ le díẹ̀. Àárín ayé jìnnà sí i, òòfà ibẹ̀ dín díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ló jìnnà jù, ibẹ̀ ni òòfà ti kéré jù. Ẹ fojú inú wo ọlọ́kadà mẹ́ta tó tò tẹ̀ lé ara wọn lọ́nà Láfẹ́nwá. Ẹni iwájú ń sáré jù, ẹni àárín ń rọra sá, ẹni ẹ̀yìn ló lọ́ra jù. Ibì kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dorí kọ. Síbẹ̀, tí ẹni àárín bá wo iwájú, á rí i pé ẹni iwájú ń jìnnà sí òun. Tó bá wẹ̀yìn, á rí i pé ẹni ẹ̀yìn náà ń jìnnà sí òun. Ẹnì kankan kò ti ẹni ẹ̀yìn sẹ́yìn, ó kàn lọ́ra ni. Omi òkun tó wà níhà òṣùpá ni ẹni iwájú, ayé fúnra rẹ̀ ni ẹni àárín, omi ìhà kejì ni ẹni ẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí omi fi ń wú sókè níhà méjèèjì ayé lẹ́ẹ̀kan náà, tí òkun fi ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ dípò ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ̀ pé òṣùpá ń fa òkun kò mọ apá kejì yìí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Bí ayé ṣe ń yí, etíkun kọ̀ọ̀kan á máa kọjá lábẹ́ ibi tí omi ti wú. Nítorí pé òṣùpá náà ń rìn, ó máa ń gba ayé ní wákàtí 24 àti nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú kí ibì kan tó tún padà sábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí òkun tó kún láago mẹ́fà àárọ̀ òní fi máa kún ní nǹkan bí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́la, tí òṣùpá fúnra rẹ̀ sì ń pẹ́ yọ lálaalẹ́. Bí etíkun àti ìsàlẹ̀ òkun ṣe rí ló ń pinnu bí omi á ṣe ga tó. Ní Bay of Fundy ní Kánádà, ó lè tó mítà 16. Ti Èkó kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ.

Oòrùn náà ń lọ́wọ́ sí i. Òòfà oòrùn lórí ayé pọ̀ ju ti òṣùpá lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 180, àmọ́ ó jìnnà tó ìlọ́po 400, nítorí náà ìyàtọ̀ òòfà rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ayé kan dé ìkejì kò tó nǹkan. Lórí ọ̀rọ̀ kíkún òkun, kò tó ìdajì òṣùpá. Nígbà tí oṣù bá lé àti nígbà àrànmọ́jú, oòrùn, ayé àti òṣùpá á tò sórí ìlà kan, àwọn méjèèjì á pawọ́ pọ̀, òkun á kún ju ti ìgbà yòókù lọ, á sì fà sẹ́yìn jù. Nígbà tí òṣùpá bá wà ní ìdajì, wọ́n á máa tako ara wọn.

Ó tó àkókò ká padà sórí omi inú orí. Ẹ wo ohun tó jẹ́ kí òkun ṣeé fà: ó tóbi, ó sì tẹ́ lọ láti ìhà ayé kan dé èkejì, kìlómítà lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìyàtọ̀ òòfà hàn lórí rẹ̀ nítorí ìtóbi yẹn, kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ omi. Ilẹ̀ pàápàá ń wú. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ilẹ̀ tí a tẹ̀ máa ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì lè tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Olúmọ wà níbẹ̀, ààfin Aké wà níbẹ̀, gbogbo ilé àti igi wà níbẹ̀, wọ́n jọ ń gòkè ni, ìdí nìyẹn tí a kò fi mọ̀. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, àwọn onímọ̀ tó ń lo ẹ̀rọ róbótó ńlá kan tí ìyíká rẹ̀ tó kìlómítà 27, lábẹ́ ilẹ̀ nítòsí Geneva, ní láti fi wíwú ilẹ̀ yìí kún ìṣirò wọn, torí òṣùpá ń na ẹ̀rọ wọn.

Èèyàn ńkọ́? Láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kò pé mítà méjì. Ìyàtọ̀ òòfà òṣùpá láàárín orí àti ẹsẹ̀ yín kéré débi pé kò sí ìwọ̀n ọjà kankan tó lè mú un. Kànga kò ń kún torí àrànmọ́jú, garawa omi kò sì ń ru. Odò Ògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò ní kíkún ti òṣùpá, torí pé odò tóóró ni, ilẹ̀ wa sì ga ju ojú òkun lọ débi tí ìgbòkègbodò òkun kò ti lè dé ọ̀dọ̀ wa. Tí omi bá ya wọ ilé ní Láfẹ́nwá, òjò ni kí ẹ bi, ẹ bi àwọn tó kọ́lé sójú àgbàrá, ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n ṣí omi ìdídò Ọ̀yán tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1983. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ọ̀sà, ni òṣùpá ti lè dá sí i: tí òkun bá kún lásìkò tí odò náà ń ru, omi kò ní tètè ríbi jáde sí, àwọn ará Ìṣẹ́rí àti àwọn tó wà nítòsí wọn ló sì máa ń jìyà rẹ̀. Òjò ọ̀dọ̀ wa, òṣùpá ọ̀dọ̀ wọn.

Àwọn tó ń ṣèwádìí kò fi ọ̀rọ̀ wèrè àti òṣùpá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1985, James Rotton àti Ivan Kelly kó ìwádìí 37 jọ lórí bóyá àrànmọ́jú ń mú kí wàhálà ọpọlọ, ìwà ọ̀daràn àti irú rẹ̀ pọ̀ sí i. Ohun tí òṣùpá lè ṣàlàyé nínú gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn nọ́ọ̀sì náà máa ń sọ pé alẹ́ òṣùpá ni aboyún ń pọ̀. Ní North Carolina ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ìbímọ tó lé ní 560,000 wò láàárín 1997 sí 2001, wọn kò rí i pé òṣùpá mú ìyàtọ̀ kankan wá. Ká má purọ́, ẹnì kan wà tó rí nǹkan mìíràn: Thomas Wehr kọ ọ́ lọ́dún 2018 pé àwọn aláìsàn 17 kan tí inú wọn máa ń yára yí láti ìdùnnú àṣejù sí ìbànújẹ́ ní àkókò tó ń bá ìrìn òṣùpá mu. Èèyàn 17 ni o, kò sì tíì sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Èrò tèmi ni pé a ń rántí alẹ́ tí òṣùpá mọ́ tí nǹkan sì ṣẹlẹ̀, a sì ń gbàgbé àìmọye alẹ́ tó mọ́ tí gbogbo ilé sùn fọnfọn. Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tó fi ètò abúlé sọ Aró di olókìkí láti ọdún 1954, àárín ẹbí àti abúlé ló ti wá ìwòsàn àwọn aláìsàn rẹ̀. Bí ẹnì kan nínú ilé yín bá ń ṣàìsàn bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró de òṣùpá kó wọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ohun tí òṣùpá fi ń kan ẹran ara gan-an ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ní etíkun ìlà-oòrùn Australia, ní àwọn alẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn àrànmọ́jú kan nígbà tí omi bá ń lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹgbàágbèje iyùn inú òkun, tó jẹ́ ẹranko kéékèèké, máa ń tú ẹyin àti àtọ̀ wọn sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Iyùn kan kò rí èkejì, àmọ́ gbogbo wọn ló ń rí òṣùpá. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti kìnnìún ní Tanzania. Craig Packer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ìkọlù kìnnìún tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará abúlé láti 1988 sí 2009, wọ́n sì rí i pé lẹ́yìn àrànmọ́jú ni ewu ń pọ̀, nígbà tí òṣùpá kì í tètè yọ mọ́, tí òkùnkùn sì máa ń bo ìrọ̀lẹ́ nígbà táwọn èèyàn ṣì wà níta. Àwọn baba wa tó ń bẹ̀rù òṣùpá ìbá kúkú bẹ̀rù ọjọ́ tó tẹ̀ lé e.

Oorun náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2021, ìwádìí kan láàárín àwọn ẹ̀yà Toba-Qom ní Argentina, níbi tí àwọn kan kò ti ní iná mànàmáná rárá, fi hàn pé ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ṣáájú àrànmọ́jú, àwọn èèyàn ń pẹ́ sùn, oorun wọn sì ń dín kù. Ìgbà yẹn ni òṣùpá ń mọ́lẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó dàgbà sábúlé kò nílò kí wọ́n lọ sí Argentina kí wọ́n tó mọ èyí: ìgbà tí òṣùpá bá mọ́ ni àlọ́ ń gùn, tí eré ọmọdé kì í tán lágbàlá. Ní ìlú tí NEPA ti ń mú iná lọ bó ṣe wù wọ́n, àwa náà ṣì ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀sìn pàápàá ń wo òṣùpá: oṣù tí wọ́n rí ni àwọn tó ń kírun ní Kóbìtì fi ń bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ oṣù òṣùpá méjìlá kò ju nǹkan bí 354 ọjọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí Ràmàdáánì fi ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé lọ́dọọdún. Ọjọ́ Àjíǹde náà, àrànmọ́jú ni wọ́n fi ń kà á.

Iṣẹ́ tó tóbi jù ni èyí tí ojú kò lè rí. Ìdúró ayé kò gún. Ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n digírì 23.4. Dídà yìí ló ń mú kí oòrùn máa lọ síhà àríwá kó sì padà síhà gúúsù láàárín ọdún, òjò sì ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tí àwọn àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí kọ ebè, tí ọyẹ́ sì dé ní ìparí ọdún, dídà yẹn ni. Jacques Laskar, onímọ̀ ará Faransé, fi ìṣirò hàn lọ́dún 1993 pé òòfà òṣùpá ló ń jẹ́ kó dúró síbi tó wà. Mars, ayé mìíràn tó ń yí oòrùn ká, kò ní òṣùpá ńlá, dídà tirẹ̀ máa ń yí gan-an láàárín àìmọye ọdún, débi pé ó lè tó digírì 60. Lọ́dún 2012, àwọn mìíràn ṣírò ó, wọ́n ní bí ayé kò bá tilẹ̀ ní òṣùpá, kò ní burú tó bí Laskar ṣe rò. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ pé kò ní yí rárá. Àwọn àgbà ní òṣùpá lé, ẹ ní kò gún. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá tó o kó tún un ṣe. Òun ló ń bá wa tún tiwa ṣe.

Òkun tó ń kún tó ń fà sẹ́yìn ń dá ayé dúró díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ sì ń gùn sí i. Ìlà ìdàgbà ara iyùn tó ti di òkúta láti nǹkan bí 400 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn fi hàn pé ọdún kan nígbà náà ní nǹkan bí ọjọ́ 400. Agbára tí ayé ń pàdánù ló ń ti òṣùpá jìnnà sí wa, sẹ̀ǹtímítà 3.8 lọ́dọọdún. Wọ́n mọ̀ ọ́n nítorí pé àwọn tó lọ sóṣùpá pẹ̀lú Apollo 11 lọ́dún 1969 fi dígí kan sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń tan ìmọ́lẹ̀ léésà sí láti ilẹ̀ títí di òní.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí òòfà òṣùpá, kó má dúró létí Odò Ògùn. Kó wọ mọ́tò lọ sí Èkó tàbí Àgbádárìgì lọ́jọ́ tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí lọ́jọ́ àrànmọ́jú. Kó ri igi kan mọ́ yanrìn níbi tí omi dé, kó wo aago, kó sì wá nǹkan jẹ. Tó bá padà lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, á rí ibi tí omi ti sún dé. Tó bá tún lè lọ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, nígbà tí òṣùpá wà ní ìdajì, á rí i pé ìyàtọ̀ láàárín omi kíkún àti omi tó fà sẹ́yìn ti dín kù. Kó má wọ inú òkun lọ wẹ̀ o. Ìgbì etíkun wa kì í ṣeré.